Ohun Tí Ń Mú Kí Orílẹ̀-Èdè Yí Ọ̀nà Ìbálò Rẹ̀ Padà

Ní àárín ìlú Johannesburg, ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ọgbà ìgbafẹ́ kan wà tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ìlú náà. Joubert Park ni orúkọ rẹ̀. Inú ọgbà yìí ni ilé àwòrán ìlú náà wà, èyí tí Edwin Lutyens, gbajúmọ̀ ayàwòrán-ilé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ètò rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 1915. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ayafọ́tò ti ń dúró níbẹ̀ láti ya àwòrán fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. Bí ènìyàn bá dákẹ́ fetí sílẹ̀ ní àyíká ọgbà náà, àti ní Hillbrow tí ó múlé gbè é, yóò gbọ́ èdè Zulu àti Sotho, yóò gbọ́ èdè Shona àwọn ará Zimbabwe, yóò gbọ́ Faransé àwọn ará Kóńgò. Yóò sì gbọ́ èdè Ìgbò àti Yorùbá pẹ̀lú.

Orúkọ ọ̀gágun kan ni ọgbà náà ń jẹ́: Piet Joubert, olórí ogun àwọn Bóà ti Transvaal. Nígbà ayé ọ̀gágun yìí, kò sí ẹni tí ó lè rò ó pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ọmọ Onitsha yóò máa tajà ní ẹ̀bá ọgbà tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Títí di ọdún 1991, òfin wà nínú ìwé ilẹ̀ náà tí ó pín àdúgbò fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ara rẹ̀. Ìjọba wa àti ìjọba wọn kì í sì í kí ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀tá di ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rẹ́ tún ń fa ìjà pẹ̀lú ọ̀rẹ́. Àwa olùkọ́ ni àwọn ọmọ ń bi léèrè pé: kí ló fà á? Wọ́n ń gbọ́ pé a náwó nára fún òmìnira àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ pé wọ́n ń lé àwọn ènìyàn wa níbẹ̀. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ọmọdé, kò sì yẹ kí a fi ìdáhùn ọmọdé dá a lóhùn.

Ìlànà ìbálò pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè ni àpapọ̀ ohun tí orílẹ̀-èdè kan pinnu láti ṣe àti láti má ṣe sí àwọn tí kò sí lábẹ́ òfin rẹ̀: ẹni tí yóò bá ṣòwò, ẹni tí yóò bá jagun, ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún, àti ẹni tí yóò kọ ẹ̀yìn sí. Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Nígbà tí Ìbàdàn àti Ẹ̀kìtì Parapọ̀ ń ja ogun Kírìjì láti ọdún 1877, olúkúlùkù ìlú ilẹ̀ Yorùbá ni ó ní ìlànà tirẹ̀, tí ó ń pinnu ẹni tí yóò ti ọ̀nà mọ́ àti ẹni tí yóò ta ìbọn fún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ọdún yìí kan náà ni wọ́n rí wúrà ní ibi tí Johannesburg wà lónìí. Olùkọ́ tí ó bá so ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì pọ̀ yóò rí i pé àwọn ọmọ kò ní tètè gbàgbé ọdún náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí wúrà náà, nítorí ibẹ̀ ni ìdí kìn-ín-ní gbé hàn gbangba. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1881, àwọn Bóà tí Joubert ṣe olórí ogun wọn ṣẹ́gun ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ní òkè Majuba. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, tí Gladstone jẹ́ olórí rẹ̀, lágbára láti kó ogun mìíràn wá. Ṣùgbọ́n àlàáfíà ni ó yàn. Ó dá ìṣàkóso ilẹ̀ padà fún àwọn Bóà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní London ní ọdún 1884 kàn sọ pé Transvaal kò gbọdọ̀ bá ìjọba òkèèrè kankan tọwọ́ bọ̀wé, àfi Orange Free State nìkan, láìjẹ́ pé ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i. Ní ìgbà náà, ilẹ̀ àwọn tálákà darandaran ni Transvaal lójú àwọn ará London.

Ọdún 15 péré lẹ́yìn àdéhùn yìí, ní oṣù kẹwàá ọdún 1899, ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, kò sì parí títí di oṣù karùn-ún ọdún 1902. Joubert fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1900 kí ogun tó parí. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ó fa ogun náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ ìtàn rẹ̀ kí ó yọ wúrà kúrò nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni, Bóà kan náà ni. Ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ ni ó yí iye ilẹ̀ padà. Ìdí kìn-ín-ní nìyí: bí èrè tàbí àdánù tí ó wà nínú ọ̀ràn bá yí padà, ìlànà yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Bí onílù bá yí ìlù padà, oníjó a yí ijó padà.

Ìdí kejì ni ẹni tí ó jókòó lórí àga nínú ilé. Àwọn Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni orílẹ̀-èdè í wo ilé kí ó tó bá ará òde sọ̀rọ̀. Botha àti Smuts jẹ́ ọ̀gágun Bóà tí wọ́n dojú ìbọn kọ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n di olórí Ìṣọ̀kan Gúúsù Áfíríkà lẹ́yìn ọdún 1910, ẹ̀yìn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà nínú ogun ọdún 1914, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn àtijọ́ kan fi gbé ìbọn dìde sí wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, Hertzog tí í ṣe olórí ìjọba fẹ́ kí ilẹ̀ náà dá dúró nínú ogun Hitler. Smuts kò gbà. Ilé ìgbìmọ̀ dìbò: àwọn 80 wà lẹ́yìn Smuts, àwọn 67 wà lẹ́yìn Hertzog. Bí àwọn méje péré bá ti yí ọwọ́ padà, ilẹ̀ náà kì bá ti wọ ogun lọ́jọ́ náà. Ní ọdún 1948 ẹgbẹ́ mìíràn wọlé, ó sọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà di òfin, ìbálò ilẹ̀ náà pẹ̀lú gbogbo ayé sì yàtọ̀ láti ọjọ́ náà lọ.

Ìdí kẹta ni ìpayà, èyíinì ni ìyípadà nínú ohun tí a rò pé ó lè pa wá run. Níbi tí a dé yìí ni Nàìjíríà wọ inú ìtàn náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1960, àwọn ọlọ́pàá Gúúsù Áfíríkà yìnbọn pa ènìyàn 69 ní Sharpeville. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni a gba òmìnira. Nígbà tí àwọn olórí Commonwealth pàdé ní London ní oṣù kẹta ọdún 1961, Abubakar Tafawa Balewa wà níbẹ̀ láàárín àwọn olórí Áfíríkà àti Éṣíà tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí Gúúsù Áfíríkà. Verwoerd rí i pé ààyè kò gba òun mọ́, ó sì fa ìwé tí ó fi fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ dúró nínú ẹgbẹ́ náà padà. Síbẹ̀ náà, ìwà pẹ̀lẹ́ ni ti Balewa. Nàìjíríà bá ìwà ìkà wí, ṣùgbọ́n kò gbé ọ̀ràn náà bí ẹni tí ọ̀tá wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ogun abẹ́lé wa, láti ọdún 1967 sí 1970, ni ó mú ọ̀tá náà dé ẹnu ọ̀nà. Ìjọba aláwọ̀ funfun Gúúsù Áfíríkà àti ìjọba Potogí ran Bìáfírà lọ́wọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ àwọn Ìgbò ni ó wà lọ́kàn wọn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí orílẹ̀-èdè adúláwọ̀ tí ó tóbi jù lọ pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Láti ìgbà náà ni àwọn aláṣẹ wa ti mọ̀ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà kì í ṣe ìṣòro àwọn ará Johannesburg nìkan, pé ó lè rìn dé odò Niger. Lẹ́yìn ogun náà, owó epo rọ̀bì wọlé. Ìpayà àti agbára pàdé, ohùn orílẹ̀-èdè wa sì le.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù lọ ni ti Àǹgólà. Nígbà tí ọdún 1975 ń lọ sópin, ẹgbẹ́ mẹ́ta ni ó ń du ìjọba ilẹ̀ náà: MPLA, FNLA àti UNITA. Ìlànà Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí ti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, ni pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta para pọ̀ ṣe ìjọba. Àǹgólà gba òmìnira ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá. Ó sì hàn sí gbogbo ayé pé ọmọ-ogun Gúúsù Áfíríkà ti wọ ilẹ̀ náà láti gbè sẹ́yìn àwọn tí ń bá MPLA jà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kan náà, ìjọba Murtala Muhammed kéde pé MPLA ni Nàìjíríà mọ̀ sí ìjọba Àǹgólà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó wà láàárín. Nàìjíríà kò di kọ́múníìsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ọmọ-ogun ẹlẹ́yàmẹ̀yà lórí ilẹ̀ Áfíríkà olómìnira mú kí ìbéèrè náà di ọ̀tọ̀. Kì í ṣe 'Ta ni nínú àwọn mẹ́ta?' mọ́, ó di 'Ta ni ó wà pẹ̀lú Pretoria?' Nígbà tí Ford, ààrẹ Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí àwọn olórí Áfíríkà láti darí wọn sí ọ̀nà mìíràn, Nàìjíríà tú ìwé náà síta, ó sì kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ní ìpàdé Addis Ababa ní oṣù kìíní ọdún 1976, orílẹ̀-èdè 22 wà níhìn-ín, 22 sì wà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n kí oṣù kejì tó parí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti tẹ̀ lé ọ̀nà tí Nàìjíríà là.

Láti ibẹ̀ lọ, ìlànà wa di ohun tí gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ sí. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1976, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ dìde ní Soweto. Kí olùkọ́ èdè kíyè sí ohun tí ó fa ìdìde náà: wọ́n fẹ́ fi agbára mú wọn kọ́ ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn ní èdè Afrikaans, èdè tí wọn kò fi ń ronú, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ wọn kò tilẹ̀ gbọ́ dáadáa. Lórí èdè ẹ̀kọ́ ni ìbọn ti dún. Nàìjíríà dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún gúúsù Áfíríkà. Òṣìṣẹ́ ìjọba dá níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ dá níbẹ̀. A gba àwọn ọmọ Soweto sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1977 gbogbo ayé pàdé ní Èkó lórí ọ̀ràn ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1979, ìjọba Ọbásanjọ́ gba ìpín ilé-iṣẹ́ epo BP tí ó wà ní Nàìjíríà, nítorí ọ̀nà tí epo ń gbà dé Gúúsù Áfíríkà. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn olórí Commonwealth pàdé ní Lusaka, níbi tí Margaret Thatcher ti gbà láti yí ìlànà rẹ̀ padà lórí Rhodesia. Kì í ṣe epo wa nìkan ni ó yí i lọ́kàn padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò rí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, Rhodesia di Zimbabwe.

Ìdí kẹrin ni pé ọ̀nà àtijọ́ lè di èyí tí kò ṣeé rìn mọ́. Èyí ni ó dé bá Pretoria fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1977, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi òfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má ta ohun ìjà fún un. Ní ọdún 1985, àwọn ilé ìfowópamọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti sún ọjọ́ gbèsè rẹ̀ síwájú. Ní ọdún 1986, ilé ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin ìjẹníyà, wọ́n sì borí ààrẹ Reagan tí ó fẹ́ dá òfin náà dúró. Ogun Àǹgólà ń jẹ owó àti ọmọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1988, Gúúsù Áfíríkà tọwọ́ bọ̀wé ní New York pé òun yóò fi Namibia sílẹ̀. Namibia sì gba òmìnira ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1990, tí ó pé ọgbọ̀n ọdún géérégé tí wọ́n pa àwọn ará Sharpeville. Ìjọba Rọ́ṣíà tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn aláwọ̀ funfun sì ń rẹ̀ sílẹ̀. Ìyà kan ṣoṣo kọ́ ni ó ṣe é. Ọwọ́ púpọ̀ ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ìdí mẹ́rin nìyẹn. Ó kù kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ìyípadà kì í já lulẹ̀ láti ojú ọ̀run. Àkọ́kọ́, ìsọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni í ṣíwájú. Ní ọdún 1985 ni mínísítà Kobie Coetsee bẹ Mandela wò nígbà tí ó ń ṣàìsàn lábẹ́ ìdè. Ní ọdún kan náà ni àwọn oníṣòwò ńláńlá Gúúsù Áfíríkà lọ bá àwọn olórí ANC ní Zambia. Ní ọdún 1987, àwọn Afrikaner kan bá ANC jókòó ní Dakar, ní apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín. Èkejì, ẹni tuntun ni í sábà gbé ọ̀rọ̀ tuntun, nítorí ó ṣòro fún ẹnu tí ó búra láti tú ìbúra. Botha kúrò ní ọdún 1989, de Klerk sì wọlé. Ẹ̀kẹta ni ìkéde ní gbangba: ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1990 ni de Klerk tú ANC sílẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni Mandela jáde. Ẹ̀kẹrin, a ó bi àwọn tí ó wà nílé léèrè: ní oṣù kẹta ọdún 1992, nínú àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n dìbò, nǹkan bí 69 nínú 100 ni ó ní kí ìyípadà náà máa lọ. Ẹ̀karùn-ún ni pé a ó kan ilẹ̀kùn ọ̀tá. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, de Klerk wá sí Àbújá, Babangida sì gbà á lálejò. Ní ọdún 1994, lẹ́yìn ìdìbò gbogbogbò, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣojú ránṣẹ́ sí ara wa.

Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, yóò dùn mọ́ ọmọdé nínú. Ṣùgbọ́n ìtàn kò parí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, ìjọba Abacha so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́. Mandela wà ní New Zealand ní ìpàdé Commonwealth. Ó bínú, ó sì pè fún ìjẹníyà Nàìjíríà. Wọ́n yọ Nàìjíríà sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ó di pé kí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn tẹ̀ lé Mandela, ó wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ó ń ṣe bí òyìnbó sí àwọn ará ilé. Nàìjíríà pẹ̀lú kọ̀ láti lọ sí ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wáyé níbẹ̀ ní ọdún 1996. Láti ìgbà náà ni Gúúsù Áfíríkà ti yan ọ̀nà pẹ̀lẹ́, tí kì í fẹ́ dá sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: ọkàn rere nìkan kò tó láti gbé ìlànà ró, ó ní láti rí ẹni bá a gbé e. Ní ọdún kan náà yìí ni Mandela kéde pé Gúúsù Áfíríkà yóò fi Taiwan sílẹ̀ láti bá Ṣáínà ṣe láti ọjọ́ kìíní ọdún 1998, bẹ́ẹ̀ ni Taiwan ti jẹ́ ọ̀rẹ́ ilẹ̀ náà láti ìgbà tí ayé kọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà sí Nàìjíríà ní ọdún 1999, Ọbásanjọ́ àti Mbeki dá ìgbìmọ̀ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù MTN wọ Nàìjíríà ní ọdún 2001, àwọn ọmọ wa sì ń wọ Johannesburg. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Alexandra, ó tàn káàkiri, ènìyàn tí ó lé ní 60 ni ó kú; púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àlejò láti ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ó tún ṣẹlẹ̀: wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn àlejò, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Nàìjíríà fi ọkọ̀ òfuurufú kó àwọn tí ó fẹ́ padà wá sílé; Ramaphosa rán ènìyàn wá sí Àbújá láti tọrọ àforíjì; oṣù kan lẹ́yìn náà ni Buhari lọ sí Gúúsù Áfíríkà.

Nígbà náà ni òwe kan gba ẹnu gbogbo ènìyàn: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí olóṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo mọ ìbínú tí ó wà nínú òwe náà, n kò sì sọ pé kò nídìí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gba ìwé tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ṣakí tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Kumasi àti Tamale, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, di ẹrù wọn, wọ́n padà wálé. Àwọn àgbà ìlú wọ̀nyẹn kò gbàgbé rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, àwa náà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ènìyàn tí a fojú díwọ̀n sí mílíọ̀nù kan àti jù bẹ́ẹ̀ ni ó jáde, àwọn ará Ghana ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àdéhùn ECOWAS tí a tọwọ́ bọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975 kò tíì pé ọdún mẹ́jọ.

Kí ni ó so ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀? Ní ọdún 1969, gbèsè àti àìríṣẹ́ṣe wà lọ́rùn Ghana. Ní ọdún 1983, iye owó epo wa ti wálẹ̀. Ní Johannesburg, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò ríṣẹ́. Nígbà tí ebi bá pa ilé, àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, ẹni tí ó wà nípò àṣẹ a sì rí i pé ó rọrùn láti tọ́ka sí àlejò jù láti tọ́ka sí ara òun lọ. Ìdí kejì tí a kọ sílẹ̀ lókè ni èyí, ó kàn gbé ẹ̀wù búburú wọ̀ ni. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ ní ìtàn 2019 láìkọ́ ọ ní ti 1969 àti 1983 kò tíì kọ́ ọ ní ìtàn. Ẹ̀sùn ni ó kọ́ ọ.

Ní àwọn yunifásítì òkèèrè, wọn a máa kọ́ni ní èrò Palmerston, òṣèlú Gẹ̀ẹ́sì tí ó sọ ní ọdún 1848 pé ilẹ̀ òun kò ní ọ̀rẹ́ ayérayé, àǹfààní rẹ̀ nìkan ni ó wà títí. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Ta ni ó ń sọ ohun tí í ṣe àǹfààní? Kí ni àǹfààní akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí ó dá kọ́bọ̀ fún Soweto? Àwọn ènìyàn ni ó ń pinnu ohun tí wọ́n kà sí tiwọn, ohun tí wọ́n bá sì mọ̀ ni wọ́n fi ń pinnu. Ìdúpẹ́ láàárín ènìyàn méjì wà nínú ọkàn wọn. Láàárín orílẹ̀-èdè méjì, inú ìwé àti inú kíláàsì ni ó ń gbé. Bí a kò bá kọ́ ọ, ó kú nígbà tí àwọn tí ó rí i bá kú. Ọ̀dọ́ tí ó ju òkúta ní Johannesburg ní ọdún 2019 kò tíì dáyé ní ọdún 1977, bóyá ni ẹnikẹ́ni sì sọ fún un.

Ṣé àwa náà sọ fún tiwa? Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni wọ́n ti yọ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré wa. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ìjọba tó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà. Ìran àwọn ọmọ kan ti kọjá láàárín. Àwa tí a ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò mọ̀ pé àṣẹ kò kọ́ni. Olùkọ́ ni ó ń kọ́ni. Níbi tí kò bá sí ìwé, àwọn àgbà wà. Kò sí ìlú kan ní apá Òkè-Ògùn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí a kò lè rí ẹni tí ó bọ̀ láti Ghana ní 1969 tàbí ọmọ rẹ̀. Kí olùkọ́ rán àwọn ọmọ lọ bi wọ́n léèrè, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n sì fi wé ohun tí wọ́n gbọ́ nípa Johannesburg. Kí ó bi wọ́n pé: kí ni ó yí padà? Èrè ni bí, tàbí ẹni tí ó wà lórí àga, tàbí ìpayà, tàbí pé ọ̀nà àtijọ́ ti dí?

Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí kì yóò tètè gba ẹ̀tàn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá sọ fún un lọ́la pé àlejò ni ó fa ìyà rẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Èkó, ìbáà jẹ́ ní Accra, ìbáà jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Joubert Park. Lọ́jọ́ kan, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò jókòó sí ibi tí a ti ń pinnu ìbálò wa pẹ̀lú àwọn ará ayé. Ogún ọdún ń bọ̀ wá kọ́la. Iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nínú kíláàsì wa.